Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà «panyar»: ṣé ìjínigbé ni, àbí àmúyá?

Atúmọ̀-Ìwé béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín. Mo ń túmọ̀ ìwé àdéhùn kúkurú kan sí èdè Yorùbá fún àwọn olùkọ́ ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ti dá mi dúró láti ọjọ́ mẹ́ta. Àdéhùn náà ni èyí tí àwọn ọba Fante kan bá aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Cape Coast, ní etíkun ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1844. Àwọn òpìtàn mọ̀ ọ́n sí Bond of 1844, ọjọ́ àti oṣù yẹn kan náà sì ni Gánà gba òmìnira ní ọdún 1957. Ìwé náà kò gùn rárá. Ó sọ pé iṣẹ́ tí ó ṣe kókó jù fún òfin ni láti dáàbò bo ènìyàn àti ohun ìní, ó wá dárúkọ àwọn àṣà tí ó lòdì sí òfin. Fífi ènìyàn rúbọ ni ó kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Èyí tí ó tẹ̀ lé e ni ó ń jẹ́ «panyarring».

Ìwé atúmọ̀ èdè tí ó wà lọ́wọ́ mi sọ pé jíjí ènìyàn gbé ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ «ìjínigbé» kí n sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á, nítorí pé àṣà ni ìwé àdéhùn náà pe ohun yìí, èmi kò sì mọ ìlú kankan tí ó ka olè jíjà sí àṣà. Bí ó bá jẹ́ pé olè lásán ni, àwọn ọba yẹn kò nílò àlejò tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wọn pé kò dára. Ó dà bí ẹni pé ohun kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí tí ìwé atúmọ̀ èdè fò kọjá. Mo fẹ́ mọ ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí i, ohun tí ó túmọ̀ sí lẹ́nu àwọn tí ó kọ́kọ́ lò ó, àti bí ọ̀rọ̀ kan bá wà nínú èdè wa tí ó bá a mu ju ìjínigbé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Olùkọ́-Èdè dáhùn pé:

Ọkàn yín kò tàn yín. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọmọ bíbí inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Etíkun Gúínì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bá a pàdé, lẹ́nu àwọn tí wọ́n ti ń fi èdè Potogí ṣòwò ṣáájú wọn. Ọdún 1471 ni àwọn Potogí dé etíkun Gold Coast, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé olódi wọn sí Elmina ní ọdún 1482. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ rà tàbí tà ní etíkun yẹn, ìbá à jẹ́ ará ilẹ̀ náà, ìbá à jẹ́ Òyìnbó mìíràn, ní láti gbọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú èdè àwọn tí ó kọ́kọ́ dé. Ìdí nìyẹn tí àjẹkù èdè Potogí fi kún inú Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí di òní. Nígbà tí ará Èkó bá sọ pé òun «sabi» nǹkan, «saber» ni, èyí tí í ṣe mímọ̀. «Pikin» wá láti inú «pequenino», tí ó túmọ̀ sí ohun kékeré. «Palaver», tí ó di ẹjọ́ àti wàhálà, kò ju «palavra» lọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnu.

Inú ìdílé yìí ni «panyar» ti wá. Ní èdè Potogí, «penhor» ni ohun ìdógò, «penhorar» sì ni kí a gba nǹkan ní ìdógò tàbí kí a gbẹ́sẹ̀ lé e nítorí gbèsè. Lẹ́tà n àti h tí wọ́n kọ pọ̀ yẹn, bí «ny» ni wọ́n ń pè é, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì kọ ohun tí etí wọn gbọ́: àwọn kan kọ panyar, àwọn mìíràn kọ penyar tàbí panyarr. Bí ẹ bá tún wọ ẹ̀yìn lọ, ẹ ó bá «pignus» nínú èdè Látìnì, tí òun náà jẹ́ ohun ìdógò. Kò sí okùn, kò sí kùmọ̀, kò sí òru nínú gbòǹgbò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń yáni lówó àti àwọn tí ń yáwó ni.

Ibo wá ni ipá ti wọ inú rẹ̀? Ní etíkun yẹn, ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń mú dípò gbèsè, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ tàbí ilẹ̀, ènìyàn kò sì ṣe é mú láìlo ipá. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ọ̀rọ̀ náà ti ń já bọ́ kúrò lára gbèsè. John Atkins, oníṣègùn inú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ó dé etíkun wa ní ọdún 1721, tí ó sì tẹ ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní ọdún 1735, kọ ọ́ pé orúkọ tí wọ́n ń pe jíjí ènìyàn ní gbogbo etíkun náà ni. Nítorí náà, ìwé atúmọ̀ èdè yín kò purọ́. Ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà ni ó mú, ó fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Àgbà-Òpìtàn dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olùkọ́, ó ti tú gbòǹgbò rẹ̀ dáadáa. Ní ti ìbéèrè kẹta, ọ̀rọ̀ wà nílé. Àwọn baba wa pe ohun yìí ní èmú, wọ́n sì tún ń pè é ní àmúyá.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe hun àmúyá. Mú wà nínú rẹ̀, èyí tí í ṣe kí ọwọ́ tẹ ènìyàn kí a sì dì í mú. Yá náà wà nínú rẹ̀, èyí tí a ń gbọ́ nínú yáwó, àti nínú ọ̀rọ̀ àtijọ́ pé ẹnìkan fi ọmọ rẹ̀ yáwó. Ipá àti gbèsè jókòó pa pọ̀ nínú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ ìdógò lọ́wọ́ Potogí, ìdógò sì ṣá kúrò lára rẹ̀ títí tí ipá nìkan fi kù. Àmúyá kò sọ ìkankan nù nínú àwọn méjèèjì. Èmi kò tíì rí ọ̀rọ̀ tí ó bá tiwọn mu tó bẹ́ẹ̀.

Kí a tó lò ó, ó yẹ kí a yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ohun mìíràn tí ó jọ ọ́, nítorí pé àwọn baba wa ní ọ̀nà púpọ̀ tí wọ́n fi ń gba gbèsè, orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ìwọ̀fà ni a mọ̀ jù. Ẹni tí ó ń wá owó ni ó fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, pẹ̀lú àdéhùn àti ẹlẹ́rìí. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ń ṣe lóko olówó ni èlé owó náà, ojú owó kò sì ní dín kù títí ọjọ́ tí wọn yóò san án. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, ọmọ bíbí ìlú ni, ẹnikẹ́ni kò sì lọ fà á lójú ọ̀nà. Ti ológò yàtọ̀ sí ìyẹn. Samuel Johnson, tí ó parí kíkọ ìtàn Yorùbá ní ọdún 1897, tí wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921, ṣàlàyé rẹ̀ kúnnákúnná: nígbà tí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san owó lẹ́yìn tí wọ́n ti dá ẹjọ́, olówó yóò lọ bá àwọn aláṣẹ ìlú kí wọ́n fún un ní ológò, ẹni yìí yóò sì lọ jókòó ti onígbèsè nínú ilé rẹ̀. Yóò máa pariwo, yóò máa pàṣẹ oúnjẹ, yóò máa gbá adìyẹ àti ewúrẹ́ inú agbo ilé mú, títí tí ara yóò fi ni gbogbo ẹbí tí wọn yóò sì wá owó rẹ̀. Inú ìṣe yìí ni dídógò ti wá, tí a fi ń sọ lónìí pé ẹnìkan fi ilé rẹ̀ dógò ní báńkì. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń lo ọ̀rọ̀ ìdógò láìmọ̀ pé ẹnìkan ti fi ìdí jókòó sílé onígbèsè rí kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí wọn.

Èmú ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ológò kò lè dé ibi tí onígbèsè wà. Ká ní oníṣòwò kan ta ọjà àwìn fún ará ìlú kejì, tí ọdún yípo, tí ó ránṣẹ́ títí tí kò rí owó gbà. Àṣẹ ọba tirẹ̀ kò dé ìlú kejì, kò sì sí ilé ẹjọ́ kan tí ìlú méjèèjì jọ ń tẹrí ba fún. Ọkùnrin yìí yóò lọ dúró sí ẹnu ibodè tàbí sí ọjà tí àwọn ará ìlú onígbèsè máa ń ná, yóò sì mú ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó bá kọ́kọ́ kọjá, ìbá à jẹ́ ìyá tí ó ru ẹ̀kọ, ìbá à jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò mọ onígbèsè náà rí. Lẹ́yìn náà ni yóò ránṣẹ́ pé: ẹni yín wà lọ́dọ̀ mi, ẹ sọ fún lágbájá kí ó wá san owó mi. Ìgbàgbọ́ tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé gbèsè ẹnìkan, gbèsè agbo ilé rẹ̀ ni, gbèsè ìlú rẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Àwọn ẹbí ẹni tí wọ́n mú ni yóò lọ gbógun ti onígbèsè nínú ìlú wọn, títí tí yóò fi tú owó sílẹ̀.

Níbí ni ó ti yàtọ̀ sí ìjínigbé. Ajínigbé ń wá òkùnkùn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé òun ni. Ẹni tí ó ṣe èmú kò ní àǹfààní kankan bí kò bá kéde rẹ̀. Bí ìlú onígbèsè kò bá mọ ẹni tí ó mú ènìyàn wọn àti ìdí tí ó fi mú un, asán ni làálàá rẹ̀. Ẹrú ogun náà yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n kó Àjàyí, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ní Òṣogùn ní ọdún 1821, kò sí ẹni tí ó jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè nínú ọ̀rọ̀ náà. Ogun ni ó kó o, wọ́n sì tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. A kò lè pe ìyẹn ní àmúyá láéláé.

Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni èmú gbilẹ̀ nílẹ̀ wa. Ọ̀yọ́ Ilé ti tú, ogun kò dáwọ́ dúró, ti Kírìjí nìkan sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí wọn kò fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀ títí di ọdún 1886. Ọjà àwìn ń ti etíkun wọ inú ilẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí aláṣẹ kan tí ó lè sọ fún ìlú méjì pé ẹ san gbèsè ara yín.

Ará-Bàyíà dáhùn pé:

Mo ń kọ̀wé láti Salvador ní Bràsíl, níbi tí mo ti ń gbé láti ọdún bíi mélòó kan. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ yìí kò kú níbí o. Nígbà tí adájọ́ bá gbẹ́sẹ̀ lé owó tàbí ilé onígbèsè, «penhora» ni orúkọ tí òfin pè é, ènìyàn sì tún lè gbé wúrà rẹ̀ lọ sí báńkì ìjọba kí ó fi yáwó, «penhor» ni wọ́n ń pe ìyẹn. Kò sí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ tí ọkàn rẹ̀ ń lọ sórí mímú ènìyàn. Ẹnu ya àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ nígbà tí mo sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà, ní òdìkejì òkun, di orúkọ ìfipá-múni. Dúkìá ni òfin ibí ń mú. Ní etíkun wa, ènìyàn ni dúkìá tí wọ́n ń mú, ohun tí mo sì rò pé ó sọ ọ̀rọ̀ náà di búburú nìyẹn, kì í ṣe ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó yí i.

Ìyá-Akọ̀wé dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ohun tí Àgbà kọ nípa èmú, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ó ń dùn mí. Bí a bá kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ètò tí ó mọ́gbọ́n dání: wọ́n mú ènìyàn, wọ́n ránṣẹ́, owó dé, wọ́n tú u sílẹ̀. Ẹ bi ìyá tí ó ru ẹ̀kọ yẹn. Kò yá owó, kò jẹ èlé rẹ̀, kò mọ orúkọ ẹni tí ó jẹ ẹ́. Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Bí onígbèsè náà bá sì jẹ́ alágídí, tàbí tí ẹbí obìnrin yìí kò lẹ́nu nílùú, ta ni yóò rà á padà? Ẹni tí wọn kò rà padà, títà ni wọ́n lè tà á, pàápàá ní etíkun níbi tí ọkọ̀ àwọn Òyìnbó ti ń dúró de ẹrú. Láàárín ẹni àmúyá àti ẹrú, alẹ́ ọjọ́ kan péré ni.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Òyìnbó pàápàá ṣe é. Wọ́n máa ń kó ọjà àwìn fún àwọn oníṣòwò ní ibi bíi Calabar, wọ́n á sì gba ọmọ tàbí ará ilé wọn ní ìdógò sínú ọkọ̀. Nígbà tí ẹrú tí wọ́n ń retí kò bá tètè dé, àwọn kan nínú wọn kò dúró mọ́: wọ́n ta ìgbòkun, wọ́n sì gbé àwọn ọmọ yẹn sọdá òkun. Àwọn mìíràn ń mú àwọn tí wọ́n bá rí nínú ọkọ̀ ojú omi kéékèèké ní ẹ̀bá ọkọ̀ wọn. Nítorí náà, nígbà tí Atkins kọ ọ́ pé jíjí ènìyàn ni «panyar», kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni ó ṣì lóye. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀ ni ó sọ. Ìṣe náà ni ó kọ́kọ́ bàjẹ́, ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì nílò láti wá sí Áfíríkà kí ọ̀rọ̀ owó tó di ọ̀rọ̀ ipá lẹ́nu wọn. Ní orílẹ̀-èdè tiwọn, àwọn ọmọ ogun ojú omi ọba máa ń wọ ìlú etí òkun lọ fi ipá kó ọkùnrin sínú ọkọ̀ ogun, «press» sì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé títẹ̀ àti fífún mọ́lẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. «Prest» ni ó ti wá, owó tí wọ́n ń fi lé ọkùnrin lọ́wọ́ ṣáájú pé ó ti gbà láti ṣiṣẹ́ ọba. Ẹ̀yìn ìgbà tí gbígbà ti di ti tipátipá ni etí àwọn ènìyàn so ó pọ̀ mọ́ «press» tí í ṣe títẹ̀. Kíkó tí wọ́n ń kó àwọn atukọ̀ Amẹ́ríkà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó fa ogun láàárín Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1812. Nígbà tí ìjọba kan náà fi pe àmúyá ní ohun ìríra ní ọdún 1844, ó tọ́ kí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ ibi méjèèjì tí ọ̀rọ̀ yìí ti fi ọwọ́ kan wọn.

Àgbà-Òpìtàn tún kọ ọ́ pé:

Ìyá, mo gba ìbáwí yín. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ó ní ìlànà. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á pé ó ní àánú. Kí n sì fi èyí kún un: lójú tèmi, ilé ẹjọ́ tí àṣẹ rẹ̀ dé ibi tí olówó àti onígbèsè wà ni ó mú kí èmú di ohun tí kò wúlò mọ́, ju ìkìlọ̀ inú ìwé àdéhùn kankan lọ. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, láti ọdún 1874 sí 1886 ni wọ́n sì so Èkó pọ̀ mọ́ Gold Coast lábẹ́ ìṣàkóso kan, nínú àkókò yẹn, ní ọdún 1876, ni wọ́n ṣe òfin ilé ẹjọ́ gíga fún méjèèjì. Ẹni tí ó bá lè pe onígbèsè lẹ́jọ́ kò ní ìdí láti dúró sí ibodè mọ́. Òfin tí ó bá fòfin de àmúyá tí kò fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ láti gba owó, àwọn oníṣòwò ni yóò kọ́kọ́ rú u.

Atúmọ̀-Ìwé tún kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tí ó dá mi dúró fún ọjọ́ mẹ́ta ti yanjú. Àmúyá ni n óò lò nínú àdéhùn náà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti pè é ní àṣà, àwọn ọba tí ó fọwọ́ sí i sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gbèsè ni. Bí mo bá dé ibi tí àwọn atukọ̀ ti ń lò ó láìsí gbèsè kankan nídìí rẹ̀, bíi ti Atkins, ìjínigbé ni n óò kọ. Ìbéèrè kékeré kan ni ó kù. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ṣàpèjúwe àṣà náà jẹ́ èyí tí àwọn Òyìnbó ìgbà yẹn máa ń fi pe ẹni tí wọ́n kà sí ará oko tí kò mọ nǹkan. Mo ti kọ́kọ́ kọ «àṣà àìlajú», ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi nínú láti fi ẹnu ara wa sọ ọ́.

Ìyá-Akọ̀wé dáhùn pé:

Ẹ kọ «àṣà ìkà». Ìkà ni fún ẹni tí wọ́n mú, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó pè é bẹ́ẹ̀. Àìlajú jẹ́ èrò àwọn tí ó kọ ìwé náà nípa àwọn tí wọ́n ń bá dá májẹ̀mú, ẹ sì lè ṣàlàyé ìyẹn fún àwọn olùkọ́ ní ìsàlẹ̀ ojú ewé.

Atúmọ̀-Ìwé tún kọ ọ́ pé:

Mo gbà. Bí ó ṣe wà báyìí nìyí: «Fífi ènìyàn rúbọ àti àwọn àṣà ìkà mìíràn, irú bí àmúyá, jẹ́ ohun ìríra, wọ́n sì lòdì sí òfin.» N óò ṣàlàyé àìlajú ní ìsàlẹ̀ ojú ewé bí Ìyá ṣe wí, n óò sì fi ọ̀rọ̀ nípa èmú àti ológò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.